Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi Nínú Ọgbà Lalbagh

Ẹ̀yin ará Otokiti, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì, ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ ń dá mi dúró lójú títì láti ọjọ́ tí a ti dé, tí ẹ ń bi mí pé, "Íńdíà ńkọ́? Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?", mi ò lè máa sọ ọ́ fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹ wá ibi jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ débi tó dé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Dúpẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Lokoja, ọkọ ló sì so mí mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Fúnṣọ́ ọkọ mi, ọmọ Ìyàrà ni, ní ilẹ̀ Ìjùmú. Ìyá rẹ̀ ni mo bá lọ sí Íńdíà. Tíṣà ni Ìyá kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, títí di òní, bí ó bá wọ yàrá, ẹ ó kàn bá ara yín tí ẹ ń jókòó dáadáa ni. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló bàjẹ́. Nígbà tí kò lè dá gbé ní Ìyàrà mọ́, ó kó wá sọ́dọ̀ wa ní Otokiti, ní Lokoja, ó sì ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀.

Ní ọdún mẹ́rin yìí, èmi àti Ìyá kò jà rí. A kò sì rẹ́rìn-ín pọ̀ rí. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ní, "Ata yìí pọ̀. Ní Ìyàrà, ọbẹ̀ la máa ń sè, a kì í se ata." Bí ooru bá mú, á ní, "Ní Ìyàrà, atẹ́gùn wà." Èmi náà á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá," n ó sì gba ilé ìdáná lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá pawọ́ pọ̀ pé kí ó lọ pààrọ̀ orúnkún ní Íńdíà, tí kò sí ẹni tó ráyè bá a lọ nínú wọn, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní ó dáa. Nínú yàrá, mo sọ fún Fúnṣọ́ pé, "Èmi àti ìyá rẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú yàrá kan ṣoṣo. Ọlọ́run ń wò ẹ́."

Orí tó ń jó

Bengaluru ni orúkọ ìlú náà. Òwúrọ̀ la dé, bí wọ́n sì ti ti Ìyá jáde lórí kẹ̀kẹ́ arọ, atẹ́gùn kan fẹ́ lù wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru Lokoja, tí odò ńlá méjì pàdé síbẹ̀ tí wọn kò sì rí ẹnikẹ́ni tù lára, ó yẹ kí ẹ gbà mí gbọ́: mo dúró, mo la ẹnu, mo ń mu atẹ́gùn bí ẹni ń mu omi. Ìyá fa ìborùn rẹ̀ bo etí. Ó ní, "Ta ló ṣí fíríìjì sílẹ̀?"

Mo bi awakọ̀ tó wá gbé wa bóyá ó mọ ilé ìwòsàn tí à ń lọ. Ó mi orí. Kì í ṣe pé ó mi í lọ sókè àti sísàlẹ̀, èyí tí à bá pè ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì mi í lọ sọ́tùn-ún àti sósì, èyí tí à bá pè ní rárá. Orí náà kàn ń yí gbirigbiri láàárín èjìká méjèèjì, bí orí ẹni tí orin ń dùn mọ́ nínú. Mo rò pé kò mọ ibẹ̀ ni. Mo gbé àpótí wa sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ó gbé e padà. Mo tún béèrè, orí tún jó. Mo tún gbé àpótí sílẹ̀. Ó tún gbé e padà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni tó ti gbọ́ pé báyìí la ṣe ń kí ara wa ní Nàìjíríà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Ìyá dá sí i. "Ìyàwó, fi àpótí yẹn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń wí. Mo ti kọ́ ọmọ tí n kò lè kà tán. Mo mọ orí tó gbọ́, mo sì mọ orí tí kò gbọ́."

Òótọ́ ló sọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí orí tèmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Títí di àná, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì bi mí bóyá mo ti parí fáìlì kan, orí mi jó kí n tó rántí pé mo ti dé ilé.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Mo wo ìta láti inú ọkọ̀, mo pariwo. Kẹ̀kẹ́ wa ni! Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń wọ̀ láti Kabawa lọ sí ọjà ní Lokoja, àwọn ló kún títì bí èèrà, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń há ara wọn mọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè gbà. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní òkèèrè. Ìyá ní, "O rò pé àwa la ni ín? Ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá." Ṣùgbọ́n mo rí i pé òun náà ń yọjú wò wọ́n.

Àkàrà oníhò

Ilé àlejò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn la wọ̀ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ gbé abọ́ irin méjì síwájú wa. Ohun funfun roboto kan wà nínú rẹ̀ tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, ọbẹ̀ ẹ̀wà olómi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbọn lílọ̀ náà wà, ohun kan sì wà tí wọ́n dín tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, tó ní ihò láàárín.

Ìyá gbé èyí tó ní ihò sókè, ó fi ojú rẹ̀ kan gba inú ihò náà wò mí. "Àkàrà nìyí," ni ó wí. "Ta ló lu ihò sí i?"

Ó bù ú jẹ. Ó tún bù ú jẹ. Ó ní kí n bi obìnrin náà bóyá ó ṣẹ́ kù. Obìnrin náà mi orí, àwa náà sì ti mọ̀ báyìí, a na abọ́ sí i.

Ó wá gbé ìgò kékeré kan jáde, mángòrò tútù tí wọ́n rẹ sínú ata àti òróró. Ó bi mí pẹ̀lú ìfòyà bóyá mo lè jẹ ata. Èmi! Mo wo Ìyá, Ìyá wo mí. Mo ní kó gbé e wá. Mo fi ìka mú ẹyọ ńlá kan, mo jù ú sẹ́nu bí akin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ata kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kíkan ni! Kíkan àti iyọ̀ dìde papọ̀, wọ́n mú mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ojú mi dì fúnra rẹ̀, etí mi ń mì. N kò lè tu ú jáde nítorí obìnrin náà dúró tì mí. N kò sì lè gbé e mì. Mo kàn jókòó síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

Mo wá gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan di ìhà mú, ó ń fi ìkejì lu tábìlì, gèlè ti yẹ̀ lórí rẹ̀. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!" ni ó ń wí. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń se ata fún mi jẹ!" Mo gbé mángòrò náà mì níkẹyìn. Bí kíkan náà ṣe tó, mo ní kí obìnrin náà tún bù sí i, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Orúnkún tuntun

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Dókítà fi fọ́tò hàn wá, orúnkún irin méjì tó ń dán. Ìyá ní ó jọ irin ẹnu ọ̀nà ilé wa. Gbogbo wa dúpẹ́, Fúnṣọ́ kọrin lórí fóònù, a rò pé ó ti parí.

Ṣùgbọ́n Ìyá kò dìde.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ni ní ìrìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Ànítà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó máa ń fi òdòdó sí irun, á wá láàárọ̀, á wá nírọ̀lẹ́. Á gbé irin ìfẹsẹ̀rìn síwájú Ìyá, á ní, "Màmá, ìṣísẹ̀ méjì péré." Ìyá á ní, "Ó ń dùn mí." Lọ́jọ́ kejì, "Ó rẹ̀ mí." Lọ́jọ́ kẹta, "Ẹ jẹ́ kí irin náà kọ́kọ́ mọ ilé." Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe orúnkún náà, ṣùgbọ́n bí kò bá tètè rìn, iṣan inú rẹ̀ yóò le, lẹ́yìn gbogbo owó àti ìrora, a ó wá padà sílé pẹ̀lú obìnrin tí kò lè fẹ ẹsẹ̀, tí kò sì lè ká a.

Ẹ̀rù bà mí. Kí ni n ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ Ìyá. Ó wo ògiri. Ó ní, "Ìyàwó, dìde nílẹ̀, ilẹ̀ yìí tutù."

Ànítà ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ sí Lalbagh. Gbogbo arúgbó ìlú wa ló ń rìn níbẹ̀ láràárọ̀. Bóyá ìrìn á wu òun náà."

Àwọn arẹ́rìn-ín

Lalbagh túmọ̀ sí ọgbà pupa. Ọba kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà láéláé, ọmọ rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n kó irúgbìn wá fún àwọn. Àwọn òyìnbó wá lẹ́yìn wọn, àwọn náà gbin tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni tó dá orúkọ Nàìjíríà, àwọn igi kan ti ń já ewé níbẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà, obìnrin kan jókòó ti òdòdó funfun wínníwínní tí wọ́n sín sára okùn, tí òórùn rẹ̀ ń dùn dé òdìkejì títì. Ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n tà. Mo ra ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ìyá ní òun kì í ṣe ọmọge. Mo fi tèmi sí irun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo rí i tí ó ń fi ọgbọ́n tẹ tirẹ̀ sí abẹ́ gèlè.

A wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, mo fẹ́ sáré. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, mo fẹ́ bọ́ bàtà kí n máa sáré káàkiri. Koríko náà tutù, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Òdòdó wà níbi gbogbo, pupa, ìyeyè, àwọ̀ tí n kò mọ orúkọ. Ilé ńlá kan wà láàárín tó jẹ́ kìkì gíláàsì, tí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá tó wá ń dán bí omi odò Ọya lọ́sàn-án. Adágún omi náà wà, pẹ̀lú ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Àwọn èèyàn ń rìn kọjá, ọkùnrin onífìlà òtútù tó bo etí àti ọrùn, obìnrin tó wọ aṣọ wúrà pẹ̀lú bàtà eré ìje. Ìdílé kan dá wa dúró, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú Ìyá nítorí gèlè rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ọba ni. Orí mi jó. Kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ibi tí a dé nìyẹn tí a fi gbọ́ igbe. "Ho ho! Ha ha ha! Ho ho! Ha ha ha!" Mo ti kẹ̀kẹ́ arọ Ìyá yí igi kan po. Àwọn arúgbó bí ogójì ló dúró ní agbo, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n na ọwọ́ sókè ọ̀run, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àwàdà fún wọn. Wọn á dákẹ́, wọn á mí kanlẹ̀, wọn á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, ibo ni Ànítà rán wa wá?"

Ọ̀kan nínú wọn rí wa, ó fi agbo sílẹ̀. Bàbá tó tínrín, onífìlà òtútù, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba fún Ìyá. Rágù lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá wa sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀rín náà ni oògùn àwọn, ó ń la àyà, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Ìyá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn tàbí bí ìyàlẹ́nu bá mú un, èdè ilé rẹ̀ ló máa ń bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Okun o!"

"Okun o," ni Bàbá Rágù fèsì, láìṣẹ́jú. "Kí ni ó túmọ̀ sí?"

"Bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa nìyẹn."

Bàbá yìí yí padà sí agbo, ó pàtẹ́wọ́, ó sọ nǹkan kan ní èdè wọn. Àwọn arúgbó ogójì na ọwọ́ sókè. "Okun o! Ha ha ha! Okun o! Ha ha ha!" Ẹyẹ fò lórí igi. Mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú kí n má baà ṣubú. Ìyá fẹ́ fi ojú tíṣà wò wọ́n, kò ṣeé ṣe, ẹnu rẹ̀ ń wárìrì, ó sì bú sí ẹ̀rín, òun náà na ọwọ́ sókè lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

Ṣùgbọ́n kò dìde. Ní ọ̀nà ilé, mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe dìde pẹ̀lú wọn?" Ojú rẹ̀ tún dì. "Ẹ̀rín kò nílò ẹsẹ̀," ni ó wí.

Igi ta ni?

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a padà lọ lọ́jọ́ kejì. Bàbá Rágù ti ń dúró dè wá. Ó fẹ́ fi igi hàn wá. Ó mọ igi ibẹ̀ bí ẹni mọ ẹbí, ó ń fi ọwọ́ lu ara wọn bó ti ń kọjá. Ó mú wa dé ìdí àràbà kan tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ògiri ilé, èèyàn mẹ́wàá lè fara pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ìyá ní, "Àràbà," bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà. Bàbá Rágù gbìyànjú láti pè é, ahọ́n rẹ̀ kọ́.

Lẹ́yìn náà la dé ìdí igi kan tí èso gígùn ń fì dirodiro lára rẹ̀, olúkúlùkù lórí okùn tirẹ̀, wọ́n tóbi bí iṣu. Bàbá Rágù na ọwọ́ sí i tìgbéraga-tìgbéraga. "Èyí," ni ó wí, "igi wa àtijọ́ ni. Bàbá mi àgbà jókòó lábẹ́ rẹ̀."

Ìyá nà tàntàn lórí kẹ̀kẹ́. "Igi ta ni?"

"Igi tiwa, Màmá."

"Pandọ̀rọ̀ nìyẹn! Pandọ̀rọ̀ ni! Ó wà ní ẹ̀yìn ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Mo fi kọ́ ọmọ. Báwo ló ṣe di tiyín?"

"Màmá, mo ti ń wá síbí láti kékeré."

"Èmi náà ti ṣe kékeré rí!"

Àwọn tó ń rìn kọjá dúró. Bàbá Rágù nawọ́ sí pátákó irin kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ìdí igi náà. Ó ní wọ́n kọ ibi tí igi náà ti wá sára rẹ̀. Koríko àti òkúta tí wọ́n tò bí ẹnu àkàsọ̀ wà láàárín wa àti igi náà, kẹ̀kẹ́ arọ kò lè kọjá. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

"Ìyàwó," ni Ìyá wí, "lọ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sí mi létí."

N kò mọ ohun tó wọ inú mi. Mo ní, "Ìyá, n kò mú awò mi wá." Irọ́ ni. Inú báàgì mi ló wà.

Ó yíjú sí Bàbá Rágù. Bàbá Rágù wò mí, mo wò ó. Bàbá yìí, tí awò rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, tí awò náà sì jókòó lórí imú rẹ̀ gedegbe, dá Ìyá lóhùn pé, "Ó mà ṣe o, Màmá. Èmi náà kò mú tèmi wá."

Awò Ìyá ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn, bíi ti gbogbo tíṣà fẹ̀yìntì. Ó wo èmi. Ó wo òun. Ó wo igi. Ó kùn nǹkan kan ní èdè Ìjùmú tí n kò ní túmọ̀ fún yín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti apá kẹ̀kẹ́, ó dìde.

Mo nawọ́, Bàbá Rágù rọra fà mí sẹ́yìn. Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan lé òkúta. Ó gbé ìkejì. Ó di ẹ̀ka kan mú, ó fi í sílẹ̀. Ó ń bú wa ní gbogbo ọ̀nà. Ó dé ìdí igi, ó fi awò sójú, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ohùn tó lè dé ẹ̀yìn kíláàsì kà á: "Áfíríkà!" Ó lu irin náà bí ẹni lu pátákó ìkọ̀wé. "Ẹ gbọ́ bí? Áfíríkà ló kọ síbẹ̀! Àlejò ni igi yìí bíi tèmi!"

Ó yíjú padà láti fi ayọ̀ ìṣẹ́gun wò wá. Ó rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè lófo. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ ò rí ojú rẹ̀. Àwọn tó ń wò wá kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí Bàbá Rágù ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń wá fóònù tí n ó fi ya fọ́tò, láìmọ̀ pé mo ti dì í mú lọ́wọ́.

Ìyá ní, "Ìyàwó, ibo ni awò rẹ wà?"

"Inú báàgì, Ìyá."

"Mo mọ̀."

Lórí àpáta

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè dá Ìyá dúró. Àárọ̀ ni a máa ń lọ. Ó fi irin ìfẹsẹ̀rìn yí adágún omi ká, lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá, lẹ́yìn náà ó ń fi ọ̀pá náà tọ́ka sí igi lásán. Òun àti Bàbá Rágù kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun. A jẹ gúáfà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ àti ata sí, a jẹ ẹ̀pà sísè tó ń gbóná nínú ìwé. Wọ́n ń pe orúkọ mi ní "Dúpé", mo sì ń jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí a padà, Ìyá ní òun fẹ́ gun àpáta tó wà nínú ọgbà náà. Wọ́n ní àgbà òkúta ni, pé ó wà lára èyí tó pẹ́ jù láyé. Ẹni tó bá ti gun òkè Patti ní Lokoja rí kò ní pè é ní òkè, ó kàn yọ sókè bí ẹ̀yìn erin ni, ilé kékeré olópòó mẹ́rin sì wà lórí rẹ̀. Ànítà ní kí ó máa lọ, bó bá lọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Rágù bá wa dé ìsàlẹ̀, ó jókòó. "Orúnkún tèmi," ni ó wí, "wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀."

A gùn ún, a sinmi, a tún gùn ún. Nígbà tí a dé òkè, gbogbo ìlú náà nà sílẹ̀ níwájú wa, ilé gogoro, igi, kẹ̀kẹ́ tó dà bí kòkòrò. A jókòó lórí òkúta tó ti ń gba oòrùn. Mo ń wo ẹyẹ. Ìyá ní, "Ìyàwó, ìgbà wo ni Fúnṣọ́ ní mò ń lọ sílé?"

"Ọjọ́ Ẹtì la máa wọ ọkọ̀ òfurufú, Ìyá."

"N kò wí Otokiti. Ìyàrà ni mò ń wí."

Kò yé mi. Kò wò mí, ìlú náà ló ń wò. "Orúnkún ló gbé mi wá sọ́dọ̀ yín. Orúnkún ti san. Kí wọ́n tó gbé mi lọ fún iṣẹ́ abẹ ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá ti lè rìn, kò sí ohun tí mo tún ń wá nílé yín mọ́. Ilé Ìyàrà yẹn, àdán ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn tí à ń jọ sọ̀rọ̀ ti lọ tán."

Mo yíjú sí i. "Ìyá, ṣé torí ìyẹn lẹ ò ṣe fẹ́ dìde?"

Ó ń tún okùn òdòdó gèlè rẹ̀ ṣe, èyí tí kò yẹ̀.

"Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, Ìyàrà lẹ ń pè! Atẹ́gùn Ìyàrà, ọbẹ̀ Ìyàrà!"

"Kí lo fẹ́ kí n máa sọ? Kí àgbà bíi tèmi máa tọrọ àyè nínú ilé ọmọ rẹ̀?"

Mo wò ó. Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin tí mo fi ń sá wọ ilé ìdáná, tí mo rò pé obìnrin yìí ń ka ọjọ́ tí yóò kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Ìyá, èmi rò pé ẹ kórìíra ilé mi ni."

"Ilé rẹ kò burú. Ọbẹ̀ rẹ ni."

"Bí ẹ bá wá lọ, ta ni yóò máa sọ fún mi pé kò dáa?"

Ó rò ó wò tọkàntọkàn, bí ẹni ń ṣe máàkì. "Kò sí," ni ó wí. "Fúnṣọ́ á kàn máa jẹ ẹ́ ni. Kò ní ìtọ́wò láti kékeré."

A bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Mo fi orí lé èjìká rẹ̀, ó ń lu ẹ̀yìn mi, àwọn tó ń ya fọ́tò lórí àpáta yíjú sí wa. Ìyá mú fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe Fúnṣọ́. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Lokoja ni, ohùn oorun ló fi dáhùn. Ìyá ní, "Fúnṣọ́, ìyàwó rẹ ní n kò gbọ́dọ̀ lọ ibì kankan. Mo ti gbà fún un. Má fi ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú mọ́." Ó pa fóònù náà kí ọmọ tó sọ ohunkóhun.

Ó dìde kí n tó dìde. Mo na ọwọ́ pé kí n mú un sọ̀kalẹ̀, nítorí àpáta náà ń yọ̀ díẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti dán an. Ó wo ọwọ́ mi, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lé e.

"Gbé ìyẹn fún mi," ni ó wí, ó sì ti ṣáájú.